Ilẹ̀ Tí Kò Tíì Sùn

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀, ìyàwó mi fi ọ̀bẹ búrẹ́dì kan tí ó ti kú ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà iṣẹ́ mi. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó gbé bàtà ọ̀tún lé orúnkún, ó sì ń kùn.

"Dádì, irú ẹrẹ̀ wo lèyí? Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́."

Mo ní ẹrẹ̀ Mushin ni, pé nígbà àtijọ́, ààtàn ni wọ́n fi dí abẹ́ títì tí a ń gbẹ́ lọ́wọ́. Ó ní kí n bá òun kí àwọn ará Mushin, kí n sọ fún wọn pé ààtàn wọn ti dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó láìfara pa. Mo ń kánjú. Bàtà ọ̀tún mọ́, ti òsì ò mọ́ tán, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mo wọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ kẹ́yìn nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti máa bójú tó àwọn agbẹ́lẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ ṣe títì, tàbí kí wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ìpìlẹ̀ afárá lélẹ̀, àwọn tèmi ló máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀, àwọn náà ni aráyé sì máa ń kọ́kọ́ gbàgbé. Kò sẹ́ni tó ń wá ya fọ́tò níwájú kòtò. Mo kàwé jáde ní yunifásítì, síbẹ̀ etí kòtò ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi, láti Ìjọra dé Yaba, láti Surulere dé Mushin. Ilẹ̀ etí Makoko dúdú, ó rọ̀ bí ọ̀gì. Ti Mushin pupa lókè, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá gbẹ́ ẹ ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn ènìyàn rò pé gbígbẹ́ ni iṣẹ́ wa. Dídí ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní apá lè gbẹ́ kòtò. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ dí i padà, o ní láti da yẹ̀pẹ̀ sí i ní ìpele, kí ìpele kan má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, kí o wọ́n omi sí i, kí o gún un títí yóò fi le, kí o tó da òmíràn lé e. Bí o bá kó gbogbo rẹ̀ dà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òkè rẹ̀ á dán lójú gbogbo èèyàn. Bí òjò bá wá rọ̀, á jìn. Kódà bí o bá ti gún un dé òkè, ó yẹ kí o fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Sísùn ni a ń pe èyí. "Ilẹ̀ yìí ti sùn" túmọ̀ sí pé a lè da kọnkéré lé e. "Kò tíì sùn" túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ohunkóhun lé e. N kò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo bá a lẹ́nu àwọn agbẹ́lẹ̀ nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, mo sì lò ó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ mí ní Ọ̀gá Jẹ́-ó-sùn.

Olórí àwọn agbẹ́lẹ̀ mi, ọkùnrin kan láti apá Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti bá mi ṣiṣẹ́ pẹ́, kì í jẹ́ kí orúkọ yẹn sinmi.

"Ọ̀gá, ilẹ̀ yìí ti sùn. Ó tilẹ̀ ti ń hanrun."

"Ó ń díbọ́n ni. Ẹ gún un sí i."

"Ká ní ẹ̀yin lẹ bí ilẹ̀ yìí lọ́mọ ni, ì bá má jí lọ sílé ìwé láéláé."

Àwọn tó wà nínú kòtò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún gbé igi ìgúnlẹ̀ wọn.

Òfin kan tún wà tí mo fi lélẹ̀ fúnra mi: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú fóònù wọ kòtò. Ẹni tó bá ń wo fóònù kò ní rí ògiri tó ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi náà ń pa á mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo fi fóònù mi sínú àkẹtẹ̀ iṣẹ́ mi lókè, mo sì sọ̀kalẹ̀ lọ wo bí wọ́n ṣe tẹ́ ilẹ̀ tí páìpù máa dùbúlẹ̀ lé. Mo pẹ́ níbẹ̀ nítorí pé n kò fẹ́ràn bí ó ṣe tẹ̀ síbì kan. Nígbà tí mo gòkè, aládùúgbò wa ti pè mí ní ìgbà mọ́kànlá. Ìyàwó mi ti ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń ta òwú àti síìpù fún àwọn aránṣọ. Kí n tó dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú. Ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní. Dókítà ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ń wo ẹrẹ̀ Mushin tó ń já bọ́ lára bàtà òsì mi sórí táìlì wọn, obìnrin kan sì ń fi mọ́ọ̀pù nù ún tẹ̀lé mi.

Ní ìtẹ́ òkú kan ní Yaba ni a sin ín sí. Ìyá rẹ̀ kò wá. Òbí kì í rí sàárè ọmọ láàárín wa, gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá náà wà nílé rẹ̀ ní Mushin, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì ti fèrèsé ojú títì mọ́ ọn kí ó má baà rí ọkọ̀ òkú tó ń kọjá. Olórí àwọn agbẹ́lẹ̀ mi wá pẹ̀lú àwọn bíi mẹ́fà nínú wọn, wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àdúrà parí, àwọn tó ń sìnkú gbé ṣọ́bìrì, wọ́n sì kó gbogbo yẹ̀pẹ̀ dà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ta ni yóò la ẹnu rẹ̀ sọ pé kí wọ́n wọ́n omi, kí wọ́n gún ilẹ̀ lé ìyàwó òun lórí? Olórí agbẹ́lẹ̀ wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì yára gbójú kúrò. Òun náà mọ̀.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹbí pàdé nílé ìyá ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, bí a ṣe máa da kọnkéré bo sàárè náà, kí a tẹ́ táìlì lé e, kí a kọ orúkọ sí i. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti bá ẹni tó ń tẹ́ táìlì sọ̀rọ̀, ó mú àpẹẹrẹ mẹ́ta wá sínú báàgì. Ìyá wọn kò wo táìlì kankan. Ó ní:

"Ojú mi ò lè débẹ̀. Etí nìkan ni mo ní. Ẹ bá mi bò ó, kí ẹ wá sọ fún mi pé ẹ ti bò ó, kí èmi náà lè dùbúlẹ̀."

Ohun tó ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, ó fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún òun pé ó ti parí.

Gbogbo wọn wò mí. Mo ronú nípa yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó dà sínú kòtò yẹn láìgún, nípa òjò tó kù sí ojú ọ̀run, nípa kọnkéré tó máa sán kí ọdún tó yí po. Mo sì fi ohùn tí mo fi ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ sọ pé:

"Ẹ má bínú, Màmá. Kò tíì sùn. Ẹ jẹ́ kó sùn ná."

Ilẹ̀ ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n "kò" kan náà ni èdè wa ní fún ilẹ̀ àti fún obìnrin. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi rọra dá táìlì padà sínú báàgì. Ìyá gbé orí sókè.

"Kò tíì sùn?"

N kò tíì mọ ohun tí mo ṣe. Mo ní, "Kò tíì sùn, Màmá. Mo mọ̀ ọ́n dájú."

"Ó wá bá ọ ni?"

Ìgbà náà ló yé mi. Ó yẹ kí n la ẹnu mi lójú ẹsẹ̀. Gbólóhùn kan ni. Yẹ̀pẹ̀ ni mo ń wí, Màmá. Bí ó ṣe máa dún létí wọn ni mo rò: pé ọkọ ọmọ wọn jókòó síbi ogójì ọjọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ojú tì mí. Mo wolẹ̀. Wọ́n gba wíwolẹ̀ mi ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá kò sunkún. Ó béèrè bí ẹni tó ń béèrè ìdí tí ọmọ fi gba iwájú ilé kọjá láìyà.

"Kí ló dé tí kò wá sọ́dọ̀ mi?"

Kò sẹ́ni tó dárúkọ kọnkéré mọ́. Ẹni tí kò tíì sùn, wọn kì í gbé òkúta lé e láyà. Àwọn obìnrin ìjọ bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún ìsinmi rẹ̀. Èmi sì wà níbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Mo ti dàgbà tó láti sọ òótọ́ báyìí: kì í ṣe ìtìjú nìkan ló dí mi lẹ́nu. Iṣẹ́ tí a kò tíì bò kò tíì parí, alábòójútó kì í sì í fi iṣẹ́ tí kò tíì parí sílẹ̀ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ yẹn bá ṣì wà ní ṣíṣí, mo ṣì ní ìdí tí mo fi lè máa lọ síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, mo ń lọ kí ìyá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ìbéèrè kan ló máa fi ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Àna mi, ṣé ó tún wá?"

Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, mo sọ pé kí ó fọkàn balẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Kí ló wọ̀?"

Mo sọ pé aṣọ aláwọ̀ ewé ni.

"Èyí tó rà nígbà ọdún Kérésì?"

"Òun ni, Màmá."

"Ó yẹ ẹ́ gan-an. Ṣé ó rù?"

"Kò rù."

Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dára, pé ẹ̀rù ti ń ba òun pé wọn kì í jẹun níbẹ̀. Mo jókòó tì í, mo mu omi tó fún mi. Kí n má parọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó tù mí lára. Fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, àwa méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ ẹni tó wà láàyè.

Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó mi tó ń bá ìyá gbé tẹ̀lé mi jáde lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé Màmá ò sùn lọ́sàn-án mọ́? Wọ́n ní bóun bá sùn, ọmọ òun lè dé kó bá òun lójú oorun, kó padà." Ó ní ìyá ò lọ sí ìpàdé àwọn ìyá àgbà ní ọjọ́rú mọ́. Ó ti gbé àga sí ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti ìgbà tí wọ́n bá jẹun àárọ̀ tán. Ọrùn rẹ̀ ti ń gbẹ. Èmi náà ti rí ọrùn yẹn. Mo ní mo máa bá Màmá sọ̀rọ̀. N kò bá a sọ̀rọ̀.

Níbi iṣẹ́, a ti tẹ́ páìpù títì Mushin tán, ó ku dídí. Ẹnjiníà ilé iṣẹ́ fẹ́ kí a tètè parí kí wọ́n lè da ọ̀dà. Nígbà tí ara mi ṣì wà nípò, mo lè dúró níwájú ẹnjiníà mẹ́wàá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, mo ń wò wọ́n. Olórí agbẹ́lẹ̀ wá sí ojú fèrèsé.

"Ọ̀gá, ìpele mélòó?"

"Ẹ dà á sí i."

"Gbogbo ẹ̀? Lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹ dà á sí i, mo ní."

Kò dápàárá. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ìró yẹ̀pẹ̀ tó ń já bọ́ sínú kòtò, mo sì gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ tó ń gbé omi kiri gba orí ọ̀dà tuntun tí wọ́n dà lé kòtò yẹn, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì wọlẹ̀ dé ìdajì. Kò sẹ́ni tó fara pa. Omi dà sílẹ̀, àwọn ará àdúgbò gbé korobá wá, wọ́n ń gbọ́n ọ́n, wọ́n ń fi àwa tó ṣe títì ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin kan ní kí a má ṣèyọnu àtitún un ṣe, kí a kàn da ẹja sí i. Olórí agbẹ́lẹ̀ àti èmi dúró léti ihò náà.

"Ọ̀gá," ó ní, ó rọra sọ ọ́, "ẹ lè parọ́ fún ẹnjiníà. Ẹ lè parọ́ fún èmi. Ilẹ̀ lẹ ò lè parọ́ fún. Ó máa dákẹ́ títí òjò á fi bá a sọ ọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo mọ̀, mo ní."

Mo ní kí wọ́n gbẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde. Mo gba ẹ̀bi rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́, n kò jẹ́ kí ó kan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, mo wa ọkọ̀ lọ sí Yaba.

Sàárè ìyàwó mi ti jìn. Ó tó láti igúnpá dé ọrùn ọwọ́, omi òjò dúró láàárín rẹ̀, ewé sì léfòó lórí omi náà. Bí a bá ti da kọnkéré lé e ni, ì bá ti sán sí méjì. Mo jàre. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìjàre mi, mo wò yíká bí ẹni pé ẹnì kan wà tí mo lè sọ fún. Ẹni tí mo máa ń sọ irú rẹ̀ fún nílé, tó máa ní, "Ẹ ṣáà ti máa ń jàre, Dádì," ló wà lábẹ́ omi yẹn.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí Mushin. Ní gbogbo ọdún tí mo fi fẹ́ ìyàwó mi, bí ọ̀rọ̀ líle bá wà láàárín èmi àti ìyá rẹ̀, òun ló ń gbé e lọ. Bí mi ò bá ní lè wá síbi ìnáwó, bí mi ò bá fara mọ́ ìmọ̀ràn kan, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, màá sọ fún wọn." Á lọ, á padà, ọ̀rọ̀ á ti tán. N kò mọ ohun tó máa ń sọ. N kò bi í léèrè rí.

Ìyá wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí mi láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú lónìí. Ó wá?"

Mo gòkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni ti ọkùnrin, orúnkún mi ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀.

"Màmá, ilẹ̀ ni mo ń sọ."

"Ilẹ̀ wo?"

"Ní ọjọ́ tí a pàdé nípa sàárè. Mo ní kò tíì sùn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa ni. Bí yẹ̀pẹ̀ tí a fi dí kòtò ò bá tíì le, a máa ń sọ pé kò tíì sùn. Yẹ̀pẹ̀ ni mo ń sọ, Màmá. Kì í ṣe òun."

Ó wò mí. Mo rí i tí ó ń ka ọ̀rọ̀ náà padà lọ́kàn rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Aṣọ aláwọ̀ ewé ńkọ́?"

"Mo parọ́."

"Kò rù, o ní."

"Mo parọ́, Màmá. N kò rí i. Kò tíì wá bá mi rí, kódà lójú àlá."

Ọkọ̀ kan ń fọn fèrè nísàlẹ̀. Ìyá yí ojú sí àtẹ̀gùn tó ti ń ṣọ́ láti oṣù mélòó kan, ó wò ó títí dé ìsàlẹ̀.

"Kò wá," ó ní.

"Kò wá."

"Ò bá má sọ fún mi."

Mo rò pé á lé mi, tàbí kí ó sunkún, mo sì ti múra sílẹ̀ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó di ọwọ́ àga mú, ó dìde, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ láìwo ẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dún lábẹ́ rẹ̀.

Mo gbé àga náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo dá a padà sídìí tábìlì. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo ti dé inú ọkọ̀ kí ó tó yé mi pé kò sẹ́ni tó bá mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ, pé èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́.